“The water is naught”: àlàyé lórí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ kan tó ń ṣi òǹkàwé lọ́nà

Nínú Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ti King James, ní Àwọn Ọba Kejì 2:19, àwọn ará Jẹ́ríkò tọ wòlíì Èlíṣà lọ. Wọ́n ní ìlú àwọn dára gan-an láti gbé, ṣùgbọ́n “the water is naught”. Bí ẹ bá ṣí ìwé atúmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì, ohun àkọ́kọ́ tí yóò sọ fún yín ni pé “naught” jẹ́ ọ̀rọ̀ àtijọ́ fún “nothing”. Ẹni tó bá mú ìtumọ̀ yẹn lọ sínú ẹsẹ náà á gbà pé ọ̀dá omi ló ń bá Jẹ́ríkò jà. Ẹ wá ka ẹsẹ méjì tó tẹ̀ lé e. Èlíṣà ní kí wọ́n gbé àwo tuntun kan wá, kí wọ́n bu iyọ̀ sínú rẹ̀. Ó gbé e lọ sí orísun omi náà gan-an, ó da iyọ̀ sí i, omi náà sì di mímu. Omi wà nílùú náà, ó sì ń sun. Kò kàn dára ni.

Ọ̀pọ̀ ìjọ nílẹ̀ wa ló ṣì ń ka King James, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ ní 1611, ọ̀pọ̀ àwọn èèyàn wa sì wà tó jẹ́ pé ibẹ̀ nìkan ni wọ́n ti ń pàdé Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́. Ó máa ń ká mi lára bí ẹsẹ tó dùn tó báyìí bá kọjá létí èèyàn láìjẹ́ pé ohun tó sọ gan-an wọlé. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ tú ọ̀rọ̀ yìí palẹ̀. Iṣẹ́ mẹ́ta ló ń ṣe: ó lè sọ pé nǹkan kan ò sí, ó lè sọ pé nǹkan ò dára, ó sì lè jẹ́ òdo tí à ń kọ nínú ìṣirò. Ọ̀rọ̀ mìíràn tún wà tó jọ ọ́, “aught”, tó máa ń da gbogbo rẹ̀ rú.

Ẹ jẹ́ ká mú èyí tó rọrùn ṣáájú. Nígbà tí “naught” bá dúró fún “nothing”, kì í sábà dá rìn. Àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tí wọ́n máa ń jọ ń lọ, ẹni tó bá sì mọ̀ wọ́n ti mọ ìdajì iṣẹ́. “Come to naught” ló wọ́pọ̀ jù nínú wọn, òun náà ló sì ṣì lágbára jù lóde òní, torí àwọn oníròyìn ṣì ń kọ ọ́: bí ìjọba méjì bá jókòó sọ̀rọ̀ àlàáfíà tí wọn ò rí àdéhùn ṣe, wọ́n á ní “the talks came to naught”. Àwa náà ò ṣe aláìní irú rẹ̀. À ń sọ pé ọ̀rọ̀ náà já sí pàbó, pé ó já sí asán, pé ó di òtúbáńtẹ́.

Ibi tí gbólóhùn yìí ti dùn jù lọ ni Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí karùn-ún. Ìgbìmọ̀ àwọn Júù fẹ́ pa àwọn àpọ́sítélì, ni Gàmálíẹ́lì, olùkọ́ òfin, bá dìde ó ní kí wọ́n rọra. Ó rán wọn létí ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Tẹ́údásì, tí nǹkan bí irínwó ọkùnrin tẹ̀ lé lẹ́yìn. Wọ́n pa á, gbogbo àwọn tó tẹ̀ lé e fọ́n ká, wọ́n sì di “brought to nought” (“nought” jẹ́ ọ̀nà mìíràn tí wọ́n ń gbà kọ “naught”). Lẹ́yìn ẹsẹ méjì, ó ní tí iṣẹ́ àwọn àpọ́sítélì yìí bá jẹ́ ti èèyàn, “it will come to nought”. Ẹ wo bí ó ṣe lo méjèèjì. “Come to nought” ni pé nǹkan fúnra rẹ̀ já sí asán, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. “Bring to nought” ni pé ẹnì kan tàbí ohun kan ló sọ ọ́ di asán, bí Nehemáyà 4:15 ṣe ní Ọlọ́run ló ba ète àwọn ọ̀tá jẹ́. Ìmọ̀ràn tí Gàmálíẹ́lì ń gba ìgbìmọ̀ náà sinmi lórí ìyàtọ̀ yìí: ẹ má fọwọ́ kàn án, bí kò bá ti ọwọ́ Ọlọ́run wá, yóò tú ká fúnra rẹ̀.

“For naught” gba sùúrù díẹ̀, nítorí ó ní ojú méjì tí Yorùbá máa ń yà sọ́tọ̀ kedere. Nínú Jẹ́nẹ́sísì 29:15, Lábánì bi Jákọ́bù léèrè bóyá torí pé ó jẹ́ ìbátan òun, kó wá máa sin òun “for nought”. Gbólóhùn tó tẹ̀ lé e fi ohun tó ń sọ hàn, torí ó ní kó dárúkọ owó iṣẹ́ rẹ̀. Lọ́fẹ̀ẹ́ ni “for nought” níbẹ̀. Bákan náà ni Sátánì ṣe béèrè nípa Jóòbù bóyá ó ń bẹ̀rù Ọlọ́run “for nought”, ìyẹn ni pé bóyá kò sí èrè tó ń rí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí Aísáyà 49:4 ní “I have spent my strength for nought”, kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó iṣẹ́. Ẹni náà ti lo gbogbo agbára rẹ̀ lásán, kò rí nǹkan kan tọ́ka sí. Lóde òní, bí ẹ bá gbọ́ “it was all for naught”, ìtumọ̀ kejì yìí ni wọ́n ní lọ́kàn fẹ́rẹ̀ẹ́ nígbà gbogbo: làálàá náà já sásán. Ojú àkọ́kọ́, ti lọ́fẹ̀ẹ́, ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa rẹ́ lẹ́nu àwọn tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì àjùmọ̀lò.

“Set at naught” kò ní í ṣe pẹ̀lú gbígbé nǹkan kalẹ̀, bó tiẹ̀ ní “set” nínú. Ó jẹ́ pé kí èèyàn fojú tẹ́ńbẹ́lú nǹkan, kó kà á sí ohun tí kò jámọ́ nǹkan kan. Lúùkù 23:11 ní Hẹ́rọ́dù àti àwọn ọmọ ogun rẹ̀ “set him at nought”, wọ́n fi Jésù ṣẹ̀sín. Àwọn amòfin ṣì ń lò ó tí ẹnì kan bá fọwọ́ rọ́ àṣẹ ilé ẹjọ́ sẹ́yìn. “Care naught for” ni pé kéèyàn má bìkítà rárá. “Naught but” sì ni “kìkì” tàbí “nìkan”: “naught but dust” kò ju eruku lásán lọ.

Ibì kan wà níbí tí ọmọ Yorùbá ti ní láti dúró ronú. Èdè wa kì í sábà fi “kò sí” sínú ọ̀rọ̀ orúkọ nínú irú gbólóhùn báyìí. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀rọ̀ ìṣe ni à ń fi í sí. À ń sọ pé “mi ò ní nǹkan kan”. Nǹkan yẹn wà ní tirẹ̀, “ò” ló ń sọ pé n kò ní in. Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ lè fi ọ̀rọ̀ ìṣe sílẹ̀ bó ṣe wà, kó wá gbé gbogbo kíkọ̀ náà lé “naught” lórí: “I have naught”. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ túmọ̀ “naught” sí Yorùbá gbọ́dọ̀ lọ yí ọ̀rọ̀ ìṣe padà, kò lè wá ọ̀rọ̀ orúkọ kan fi rọ́pò rẹ̀ lásán. Láti inú ìyàtọ̀ yìí náà ni àṣìṣe “I don’t have naught” ti ń wá. Ní Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fi ń ṣe ìdánwò, kíkọ̀ méjì ti pàdé nínú rẹ̀, àwọn olùkọ́ á sì fagi lé e.

Ó wá ku ìtumọ̀ kejì, èyí tó bo ẹsẹ Jẹ́ríkò mọ́lẹ̀. Ohun tí kò jámọ́ nǹkan kan kò níye lórí, ohun tí kò sì níye lórí kò dára. Báyìí ni “naught” ṣe rìn láti “nǹkan kan ò sí” dé “kò dára” àti “ó burú”. Irú ìrìn yìí kò ṣàjèjì sí wa: bí a bá ní ẹnì kan “kò ní láárí”, ohun tó dà bí àìní ni ẹnu wa ń sọ, àbùkù ni ọkàn wa sì ń lọ.

Òwe 20:14 ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo àpẹẹrẹ. “It is naught, it is naught, saith the buyer: but when he is gone his way, then he boasteth.” Ẹni tó bá ka “naught” sí “nothing” á ní oníbàárà náà ń sọ pé nǹkan kan ò sí níbẹ̀, á sì máa wò ó pé kí ló ń rà nígbà náà. Ṣùgbọ́n ẹ gbé e sí ẹnu oníbàárà tó ń ná ọjà. Ó gbé aṣọ náà sókè, ó yí i padà, ó fọwọ́ pa á. “Kò dáa. Ẹ wò ó, kò tiẹ̀ dáa rárá.” Ó ń bu ẹnu àtẹ́ lu ọjà kí iye rẹ̀ lè wálẹ̀ ni. Nígbà tó bá wá ra á tán tó délé, á pe àwọn ará ilé jọ, á máa fi yangàn pé ẹ ò ri bí ohun tí mo rà ṣe dára tó, tí mo sì rà á ní pọ́ọ́kú. Ẹnikẹ́ni tó bá ti dúró ní ọjà Dùgbẹ̀ tàbí Bódìjà n’Ìbàdàn fún ìṣẹ́jú márùn-ún mọ ẹni tí ìwé Òwe ń sọ. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí a kò bá lóye ló lè sọ irú òótọ́ tó ṣe kedere báyìí di àdìtú.

Nínú King James bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́ lóde òní, ọ̀nà kan wà tí òǹkàwé lè fi dá àwọn ìtumọ̀ méjì yìí mọ̀: lẹ́tà kejì. Níbi tí wọ́n bá ti kọ “nought” pẹ̀lú “o”, “nothing” ni. Níbi tí wọ́n bá ti kọ “naught” pẹ̀lú “a”, ìyẹn ní ẹsẹ Jẹ́ríkò àti ẹsẹ oníbàárà yìí, “kò dára” ni. Kì í ṣe òfin tó wúlò níta Bíbélì yẹn o. Ibòmíràn ni a ti máa rí i pé ìyàtọ̀ “a” àti “o” ti gba ọ̀nà mìíràn lọ.

Láti inú “naught” tó túmọ̀ sí ohun burúkú ni “naughty” ti jáde, ibí yìí sì ni ọ̀rọ̀ ti ń ṣini lọ́nà jù. Lónìí, ọmọdé tí kò gbọ́ràn ni “naughty”, ọmọ tó fi àmọ̀ kun ògiri. Àwọn àgbàlagbà tún ń lò ó fún ọ̀rọ̀ tàbí àwòrán tó fi díẹ̀ kan ohun ìkọ̀kọ̀. Nínú méjèèjì, ọ̀rọ̀ tó fúyẹ́ ni, ẹ̀rín ò jìnnà sí i. Kò rí bẹ́ẹ̀ látijọ́. Ní nǹkan bí ọ̀rúndún kẹrìnlá, ẹni tí kò ní nǹkan kan, òtòṣì, ni wọ́n ń pè ní “naughty”, torí naught ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó di ènìyàn búburú, oníwà ìkà. Ó di ọ̀rúndún kẹtàdínlógún kí wọ́n tó máa fi pe ọmọdé, láti ìgbà náà ló sì ti ń fúyẹ́ sí i.

Nítorí náà, nígbà tí Élíábù, ẹ̀gbọ́n Dáfídì, bínú sí i lójú ogun nínú Sámúẹ́lì Kìn-ín-ní 17:28 tó ní òun mọ “the naughtiness of thine heart”, kì í ṣe pé ó ń bá àbúrò rẹ̀ wí fún eré ọmọdé. Ó ń fi ẹ̀sùn ọkàn búburú kàn án níwájú àwọn ọmọ ogun. Òwe 6:12 fi “naughty person” àti “wicked man” sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, torí ọ̀kan náà ni wọ́n. Jeremáyà 24 sì sọ nípa agbọ̀n èso ọ̀pọ̀tọ́ méjì tí Olúwa fi hàn án níwájú tẹ́ńpìlì, lẹ́yìn tí ọba Bábílónì ti kó àwọn ará Júdà lẹ́rú. Ọ̀kan dára gan-an, èkejì sì jẹ́ “very naughty figs”. Èso tó ti bàjẹ́ ni, tí kò ṣeé jẹ. Nígbà tí Shakespeare náà fi sí obìnrin kan lẹ́nu pé iná àbẹ́là kékeré tàn bí iṣẹ́ rere ṣe ń tàn “in a naughty world”, ayé burúkú ló ń sọ, ayé tí ibi kún. Ẹni tó bá rẹ́rìn-ín síbẹ̀ ti gbọ́ ọ̀rọ̀ mìíràn.

Níbo ni ọ̀rọ̀ náà ti wá gan-an? Ní Gẹ̀ẹ́sì ìgbà láéláé, ọ̀rọ̀ méjì ni: “nā”, tó jẹ́ “rárá” tàbí “láé”, àti “wiht”, tó jẹ́ “nǹkan” tàbí “ẹ̀dá”. Wọ́n so wọ́n pọ̀ di “nāwiht”, èyíinì ni pé kò sí nǹkan kan. Ẹnu gé e kúrú, ó di “naught” àti “nought”. Lẹ́tà “gh” inú rẹ̀ ní ohùn nígbà kan, ohùn tó ń há díẹ̀ nínú ọ̀fun. Ohùn yẹn ti kú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n kàn ń kọ ọ́ ni.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù nínú ìtàn yìí ni pé “not”, ọ̀rọ̀ tí gbogbo ẹni tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì ń lò lójoojúmọ́, jẹ́ “nought” tí wọ́n sáré pè. Ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, “ne” nìkan ni wọ́n fi ń kọ̀, wọ́n á sì fi í ṣáájú ọ̀rọ̀ ìṣe. Nígbà tó yá, wọ́n fẹ́ kí kíkọ̀ náà lágbára sí i, wọ́n bá ń fi “nought” sí i lẹ́yìn, bí àwa náà ṣe lè ní “mi ò sọ ọ́” kí a sì fi “rárá” kún un. Díẹ̀díẹ̀, agbára kúrò lára “ne”, ó já bọ́, ó ku “not” nìkan: “I know not”. Nígbẹ̀yìn, “do” wọlé: “I do not know”. Nínú Mátíù orí 26 ti King James, nígbà tí Pétérù ń sẹ́ Jésù, irú méjèèjì wà níbẹ̀: ní ẹsẹ 72 ó ní “I do not know the man”, ní ẹsẹ 74 ó ní “I know not the man”. Èdè náà wà lójú ìyípadà nígbà tí wọ́n ń túmọ̀ ìwé yẹn, àwọn atúmọ̀ sì kọ méjèèjì sílẹ̀.

Àwọn ará wa ní Bẹ̀nẹ̀ àti Togo tó ń sọ Faransé á rí ohun tó jọ èyí lẹ́nu ara wọn. “Ne … pas” ti Faransé gba ọ̀nà kan náà: “pas” jẹ́ ìṣísẹ̀ ẹsẹ̀ kan, wọ́n kọ́kọ́ ń lò ó láti sọ pé ẹnì kan kò rìn tó ìṣísẹ̀ kan pàápàá. Lẹ́nu ọ̀pọ̀ èèyàn lónìí, “ne” ti ń já bọ́, “pas” nìkan ló kù. “Rien”, tó jẹ́ “nothing” lọ́dọ̀ wọn, wá láti inú ọ̀rọ̀ Látìnì tó túmọ̀ sí “nǹkan”. “Nada” ti àwọn tó wà ní Cuba àti Brazil náà wá láti inú gbólóhùn Látìnì tó ń sọ nípa nǹkan tí a bí. Nǹkan ni gbogbo wọn fi bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó di àìsí nǹkan.

Ẹ jẹ́ ká bọ́ sí òdo. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, “nought” tí wọ́n fi “o” kọ ni orúkọ òdo nínú ìṣirò. Ó dé ọ̀dọ̀ wa gba ilé ìwé, ọ̀pọ̀ àwọn tó lọ sílé ìwé tó tẹ̀ lé ìlànà Gẹ̀ẹ́sì ni olùkọ́ kọ́ ní “nought point five”. Mílíọ̀nù kan ní “nought” mẹ́fà. Ọdún 2000 sí 2009 ni wọ́n ń pè ní “the noughties”, òdo tó wà láàárín àwọn ọdún náà ni wọ́n ń tọ́ka sí. Lóde òní nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sábà fi “nought” sílẹ̀ fún òdo, wọ́n sì ń fi “naught” kọ “come to naught” àti irú rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, “naught” ni wọ́n sábà ń kọ fún gbogbo rẹ̀, “zero” ni wọ́n sì máa ń pe òdo. “Zero” fúnra rẹ̀ jẹ́ àlejò. Ará Íńdíà ni Brahmagupta tó kọ òfin ìṣirò òdo sílẹ̀ ní 628. Àwọn Lárúbáwá gba òdo lọ́wọ́ àwọn ará Íńdíà, wọ́n pè é ní “sifr”, òfìfo. Fibonacci ará Ítálì mú un wá sínú ìwé rẹ̀ ní 1202 gẹ́gẹ́ bí “zephirum”, nǹkan bí ọ̀rúndún kẹtàdínlógún ni “zero” sì tó fìdí múlẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì. “Nought” ti wà níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Nínú eré ìdárayá orúkọ òdo tún yí padà: “nil” ni ní bọ́ọ̀lù, “love” ni ní tẹ́níìsì. Bí wọ́n bá ń ka nọ́ńbà fóònù, “oh” ni.

Ibi tó le jù ló kù yìí. Ní Gẹ̀ẹ́sì ìgbà láéláé kan náà, “ā” tó jẹ́ “nígbà kankan” so mọ́ “wiht”, ó di “aught”: nǹkan kan, ohunkóhun. Òdìkejì “naught” gan-an ni. “For aught I know” ni “bí mo ṣe mọ̀ ọ́n mọ”. King James kọ ọ́ ní “ought”, ìyẹn ni wọ́n fi ń kà á bí ẹni pé ó jẹ́ “ought to”, tó ń sọ ohun tó yẹ. Ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ ni wọ́n, “ought to” jẹ́ ẹbí “owe”, ti gbèsè. Nínú Mátíù 5:23, tí o bá mú ọrẹ rẹ wá síbi pẹpẹ tí o sì rántí pé arákùnrin rẹ “hath ought against thee”, ohun tó ń sọ ni pé ó ní ohunkóhun nínú sí ọ, bó ti wù kó kéré tó. Nínú Rúùtù 1:17, ẹsẹ tí wọ́n fẹ́ràn láti kà níbi ìgbéyàwó, Rúùtù ní kí Olúwa ṣe bẹ́ẹ̀ sí òun “if ought but death part thee and me”: bí ohunkóhun yàtọ̀ sí ikú bá yà wá.

Ìdàrúdàpọ̀ wá dé nígbà tí àwọn èèyàn gbọ́ “a nought” lẹ́nu ara wọn tí wọ́n sì rò pé “an ought” ni. Lẹ́tà “n” kúrò lára ọ̀rọ̀, ó lọ lẹ̀ mọ́ èyí tó ṣáájú rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí: aṣọ ìdáná tí wọ́n ń pè ní “apron” jẹ́ “napron” tẹ́lẹ̀, ejò “adder” jẹ́ “nadder”. Báyìí ni “ought” àti “aught” ṣe di òdo, ọ̀rọ̀ tó jẹ́ “ohunkóhun” wá ń dúró fún àìsí nǹkan. Amẹ́ríkà ni èyí ti wọ́pọ̀ jù. Àwọn àgbàlagbà ibẹ̀ ń pe 1905 ní “nineteen-aught-five”. Ìbọn tí ìjọba Amẹ́ríkà gba ọta rẹ̀ wọlé ní 1906 ni gbogbo ọdẹ ibẹ̀ ń pè ní “thirty-aught-six”. Ìlànà tó lè gbani nìyí: bí “aught” bá wà láàárín nọ́ńbà, òdo ni. Bí ó bá wà nínú gbólóhùn, pàápàá lẹ́yìn “if” tàbí “for”, ohunkóhun ni.

Ẹni tó bá rò pé gbogbo èyí ti kú kí ó wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Leeds, Sheffield tàbí Manchester ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn Yorùbá tó ń gbé níbẹ̀ ti mọ̀ pé “nowt” àti “owt” ni wọ́n ń sọ ní ọjà, ní ilé iṣẹ́, lórí ọkọ̀. “There’s nowt wrong with it”: kò sóhun tó ṣe é. “D’you want owt?”: ṣé ẹ fẹ́ nǹkan kan? “Naught” àti “aught” náà ni, lẹ́nu àwọn ará àríwá tí kò fi wọ́n sílẹ̀ rí. Wọ́n sì máa ń ní “I don’t know nowt”, kíkọ̀ lórí kíkọ̀, gẹ́gẹ́ bí àwọn baba ńlá wọn ṣe ń ṣe. Ẹ má jẹ́ kó dà bí ìgbéraga tàbí àìmọ̀wé létí yín, èdè wọn ni, ó sì pẹ́ ju Gẹ̀ẹ́sì inú ìwé ìdánwò lọ.

Òmíràn wà tó fara pamọ́ sínú orúkọ ọkọ̀ ojú omi. “Dread” jẹ́ bẹ̀rù, “nought” jẹ́ nǹkan kan rárá. “Dreadnought” ni ẹni tí kò bẹ̀rù nǹkan kan. Àwọn ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì ní ọkọ̀ kan tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ nígbà tí wọ́n kojú àwọn ọkọ̀ Sípéènì ní 1588. Èyí tí ayé mọ̀ jù ni wọ́n sọ sómi ní Portsmouth ní oṣù kejì 1906. Ó gbé ìbọn ńlá mẹ́wàá nígbà tí mẹ́rin ló wọ́pọ̀ lórí àwọn tó ṣáájú rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, gbogbo ọkọ̀ ogun tó bá jọ ọ́, ti orílẹ̀-èdè èyíkéyìí, ni wọ́n ń pè ní dreadnought.

Ṣé kí ẹ máa lò ó? Nínú lẹ́tà iṣẹ́ àti àròkọ ìdánwò, “nothing” ni kí ẹ kọ. “I have naught to say” lẹ́nu ẹni òde òní máa ń dún bí ẹni tó wà lórí pèpéle eré. “Come to naught” àti “all for naught” nìkan ni ẹ lè kọ láìfòyà, torí àwọn méjèèjì kò tíì darúgbó. Ẹ ṣọ́ra nígbà tí ẹ bá ń pe ọ̀rọ̀ ní kíláàsì, torí ọ̀pọ̀ wa ń pe “not” àti “nought” bákan náà. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì máa ń fa fáwẹ̀lì “nought” gùn, bíi ti “bought” àti “caught”. Ọmọ tí ẹ bá pe “nought point two” fún lè kọ “not” sílẹ̀, kó sì máa wá nọ́ńbà tí wọ́n ní kó má kọ.